Ilẹ̀kùn Òsì

Ọkọ mi kì í fi ojú wo irin. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá páànù dán tàbí kò dán, á di ojú méjèèjì, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń wá ibi tí inú ti ń dun ọmọ. Ibi tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, ibi tó rì, ojú tèmi tìrẹ kò ní rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á dúró níbẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi ń pè é ní Àtẹ́lẹwọ́. Bàbá Ìbejì lèmi ń pè é. Èmi ni mo rọbí, òun ló ń jẹ orúkọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní panẹ́bítà tó ń tún ọkọ̀ tó forí sọ igi ṣe, màá bá onítọ̀hún jà. Ọkọ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀ là ń ṣe. Olówó kan á wá, á ní òun fẹ́ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn kò ní. Ọkọ mi á fi ṣọ́ọ̀kì ya ọkọ̀ náà sára ògiri bó ṣe máa tóbi gan-an, olówó á jókòó níwájú ògiri, á ní kí ó fa imú rẹ̀ gùn díẹ̀, kí ó rẹ òrùlé sílẹ̀ díẹ̀, títí eruku ṣọ́ọ̀kì á fi bo ọkọ mi lórí bí arúgbó. Lẹ́yìn náà ni bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, á wá fi pákó gbẹ́ ara ọkọ̀ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: imú, òrùlé, ìdí, ilẹ̀kùn ọ̀tún, ilẹ̀kùn òsì. Àwòṣe là ń pe àwọn igi yìí. Orí wọn ni ọkọ mi máa ń gbé páànù lé, tí á máa fi òòlù lù ú títí irin á fi gbà pé bí igi ti rí ni òun náà máa rí. Èmi ni mo ń rán awọ àga. Pẹ́ńtà, ọ̀rẹ́ ọkọ mi láti kékeré, ló ń kun ọ̀dà, òun náà ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ níbi tí kò yẹ.

Òfin kan wà tí bàbá ọkọ mi fi lélẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá parí, a máa sun àwòṣe rẹ̀ lójú ẹni tó ni ín, kí ó lè fọkàn balẹ̀ pé a kò ní ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òfin yìí ni àwọn olówó ń rà lọ́wọ́ wa, ju irin lọ. Mo máa ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá ìbejì ló tún ń búra pé ọkọ̀ kò ní ní ìbejì. Àwọn olówó kì í bá mi rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Oníbọ̀wọ́ là ń pè é lẹ́yìn. Ó ní ọkọ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń ní bàtà, kò sì jẹ́ fi ọwọ́ lásán kan èyíkéyìí nínú wọn. Ìbọ̀wọ́ funfun ló máa ń wọ̀, kí òógùn má baà ba ọ̀dà jẹ́. Gbogbo àwọn tó ń kó ọkọ̀ jọ ló mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò. Bó bá ní iṣẹ́ rẹ dára, ilé á kún. Bó bá ní kò dára, kí o lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọkọ̀ tirẹ̀ ni iṣẹ́ tí bàbá ọkọ mi ṣe kẹ́yìn. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n nígbà yẹn, a sì ń díbọ́n pé a kò rí i. Ilẹ̀kùn òsì ló gbẹ́ gbẹ̀yìn. Ìfági yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ igi náà wọlé lábẹ́ fèrèsé. Dípò kí ó mú pákó mìíràn, ó fi sáńpépà rọra ha á títí ibẹ̀ fi di kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ìtẹ́ ọwọ́. Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.” Kó tó di pé irin dé orí igi náà, Bàbá ti kú.

Ọkọ mi lu páànù sórí rẹ̀ pẹ̀lú kòtò náà. Mo ní kí ó dí i. Ó wò mí, ó ń bá òòlù rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Oníbọ̀wọ́ wá wo ara ọkọ̀ náà kí a tó kun ún, ó wọlé, ó jókòó, ó gbé apá jáde lójú fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ já sínú kòtò yẹn gẹ́lẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá ní, “Ibí yìí gba ọwọ́ mi o. Ta ló ronú èyí?”

“Bàbá mi ni, sà,” ni ọkọ mi wí. Kò parọ́.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ parí, a dá iná sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Pẹ́ńtà ń gbé igi wá, ọkọ mi ń jù ú síná, Oníbọ̀wọ́ dúró lókèèrè, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Imú jó, òrùlé jó, ìdí jó. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn òsì, mo rí i pé igi náà funfun. Àwòṣe tó ti pẹ́ lábẹ́ òòlù máa ń dúdú nítorí epo àti òógùn ọwọ́. Pákó tuntun ni ọkọ mi gé tó ń sun níwájú ẹni tó ni ọkọ̀. Ojú àlejò kọ́ ni a ti ń bi ọkọ ẹni ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Iná kò tíì kú tán tí tírélà tó máa gbé ọkọ̀ fi dé. Wọ́n gbé irin méjì kalẹ̀ tí ọkọ̀ máa gùn. Ó gun ìdajì, irin kan yẹ̀, ọkọ̀ náà rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ilẹ̀kùn òsì sinmi lé òpó géètì. Ìró náà kò tilẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀kùn náà kàn ká wọlé bí páálí tó rẹ. Awakọ̀ tírélà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí.

Oníbọ̀wọ́ rìn wá, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo èéfín tó ń jáde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

“Igi ẹ̀ ti jóná,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?”

“Màá ṣe òmíràn, sà. Irú ẹ̀ gan-an.”

“Màá padà wá níparí oṣù,” ni Oníbọ̀wọ́ wí. Kò gbé ohùn sókè. “Tí kì í bá ṣe ilẹ̀kùn yẹn ni mo bá, ẹ di ọkọ̀ yín mú. Ẹni tó bá sì bi mí, màá sọ ohun tójú mi rí fún un.”

A mọ iye ẹni tó máa bi í. Bó bá sọ ọ́, a ó ti ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ pa nìyẹn.

Ó kù díẹ̀ kí n lé ọkọ mi jáde nílé lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, níbo ni igi yẹn wà?” Ó fi ẹnu júwe yàrá tí mo ń kó awọ sí. Àárín awọ tèmi ló ki í sí, ó fi èyí tó dára jù lọ wé e.

“Ẹ fi ẹ̀ṣẹ̀ pa mọ́ sínú awọ mi?”

“Iṣẹ́ Bàbá tó kẹ́yìn ni,” ó ní. “Mo gbé e débi iná, ọwọ́ mi ò gbà.”

Mo fẹ́ bínú sí i, inú náà kò bí mi délẹ̀. Ká sọ tòótọ́, inú mi dùn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: igi wà lọ́wọ́, ilẹ̀kùn á jáde, ta ló fẹ́ mọ̀? Mo ní kí ó tètè bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀.

Irin náà ti ń yọrí dáadáa nígbà tí Pẹ́ńtà sáré wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. “Oníbọ̀wọ́ ti ń bọ̀ ní géètì. Oṣù ò tíì parí o. Àbí oṣù tiẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa?” Ọkọ mi ti irin sábẹ́ tábìlì. Àwòṣe kò ṣeé tì síbì kankan. A gbé e sórí àpótí méjì lẹ́bàá ògiri, mo sì fa awọ màlúù ńlá kan bò ó. Bí mo ṣe ń tẹ́ etí awọ náà dáadáa ni ọkùnrin náà wọlé. Ó wò yíká, kò rí àga. Ó rìn tààrà lọ síbi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, ó jókòó sórí rẹ̀.

Pẹ́ńtà yíjú sí ògiri. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín tàbí ẹkún ló fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ibi yìí le o,” ni Oníbọ̀wọ́ wí, ó fi ọwọ́ lu awọ náà. “Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀?”

“Pákó ni, sà,” ni mo dáhùn.

Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í. “Mo mọ̀ pé ẹ máa rò pé ìwà mi le. Wọ́n ti ta ọkọ̀ kan fún mi rí, wọ́n búra pé kò sírú ẹ̀. Mo wà á lọ síbì kan, èkejì ẹ̀ ti wà níbẹ̀, àwọ̀ kan náà. Wọn ò bú mi, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín.” Ó ń fa ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀. “Nígbà tí mo wà ní kékeré, aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi bá lò kù ni mo máa ń wọ̀. Bàtà ẹ̀. Ìwé ẹ̀. Mo dàgbà tán, mi ò ní nǹkan kan tó jẹ́ tèmi nìkan. Bàbá yín tó ti kú ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun máa ń sun igi náà. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.”

Mo fẹ́ káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wà lórí ẹ̀ṣẹ̀ wa. Bó ṣe ń mi ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awọ ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀, etí igi dúdú kan sì ti ń yọjú lẹ́bàá orúnkún rẹ̀. Mo lọ dúró síwájú ibẹ̀, mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a wá omi. Ó ní òun kò mu omi. Ó dìde, ó dágbére, ó lọ.

Nígbà tí géètì padé, mo jókòó sílẹ̀. Ọkọ mi dúró, ó ń wo awọ náà.

“Màá sun ún,” ó ní.

“Ẹ parí ilẹ̀kùn ná.”

“Tí mo bá parí ẹ̀ lórí igi yìí, irọ́ ló máa wà lára ọkọ̀ yẹn títí láé.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?” Ohùn mi ti ròkè. “Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yín tó kù láyé lẹ fẹ́ jù síná yẹn, nítorí ẹni tó fi ìdí jókòó lé e?”

“Bàbá ló ṣe òfin yẹn,” ni ọkọ mi wí. “Orúkọ Bàbá lọkùnrin yẹn gbà gbọ́, kì í ṣe tèmi.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí i tí n kò ní kọ síbí. Ó gbé igi náà mọ́ àyà jáde, ó sì sun ún. Mo ní n kò ní wò ó, mo sì jáde lọ wò ó. Igi tó ti mu epo máa ń jó kíákíá. Ọkọ mi sunkún bí ọmọdé, èmi náà sunkún, Pẹ́ńtà ní èéfín ni. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi wọlé, ó fa irin tó ti lù jáde lábẹ́ tábìlì, ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ohun tó kù kò rọrùn. Ó fi bébà ya ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó yí bébà padà kí ó lè di ti òsì, ṣùgbọ́n bébà kò mọ ibi tí irin ti yọ ikùn àti ibi tó ti fà á wọlé. Ó gbé páànù lé orí àpò iyanrìn, ó ń lù ú, ó ń di ojú, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ. Ilẹ̀kùn kìíní wú bí ẹni tó jẹun yó. Pẹ́ńtà ní ká kúkú bi í pé oyún oṣù mélòó ni. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín, ó jù ú nù. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, n kò rán nǹkan kan, mo ń gbọ́ òòlù. Bí òòlù bá ń lọ déédéé, ọkàn mi á balẹ̀. Bó bá dúró, n kò ní lè mí.

Ilẹ̀kùn kejì bá fèrèsé mu. Ó bá ọkọ̀ mu lókè, ó bá a mu nísàlẹ̀. Pẹ́ńtà kun ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Oníbọ̀wọ́ máa dé, ọkọ mi jókòó tì mí, kò fẹ́ wo ojú mi.

“Ìyá Ìbejì, ibì kan wà tí mi ò rí ṣe.”

“Ibo?”

“Kòtò Bàbá. Mo wá ibi tó yẹ kó wà, ọwọ́ mi ò rí i. Mo lù, mo tún lù, ibẹ̀ kàn ń tẹ́jú ni. Ọ̀dà ti wà lórí ẹ̀ báyìí.”

Ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin yẹn fẹ́ràn nínú gbogbo ọkọ̀. N kò lè lọ fọwọ́ kàn án wò, ọ̀dà náà ń dán bí omi, Pẹ́ńtà á pa mí.

Oníbọ̀wọ́ dé. Kò kí wa ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ. Ó yí ọkọ̀ náà ká. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo etí ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó tì í. Ó wá ṣe ohun tí a kò rí i kí ó ṣe rí: ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì. Ọwọ́ kékeré ni, ó ti fi eyín gé èékánná rẹ̀ jẹ títí dé ẹran. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó gbé apá jáde lójú fèrèsé.

Ọwọ́ náà ń wá nǹkan. Ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn. Mo di etí aṣọ mi mú. Ọkọ mi ti di ojú, bí ẹni pé irin ló fẹ́ fọwọ́ tọ́.

Ọwọ́ náà dúró.

“Ó wà níbẹ̀,” ni Oníbọ̀wọ́ wí.

Ọkọ mi la ojú, ó wò mí. N kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, mo ti ń dúpẹ́ nínú, nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ọ̀gá, ọjọ́ tí ẹ wá síbí, igi ilẹ̀kùn yẹn lẹ jókòó lé. Mi ò sun ún lójú yín. Pákó mìíràn ni mo sun.”

Ká ní mo ní òòlù lọ́wọ́ ni, orí rẹ̀ ni ǹ bá lù. Oníbọ̀wọ́ kò kúrò nínú ọkọ̀. Ó yíjú sí mi.

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé pákó ni.”

“Pákó ni, sà,” mo ní. “Irọ́ kọ́.”

“Níbo ló wà báyìí?”

“Ó ti jóná. Ọjọ́ tí ẹ lọ yẹn ló sun ún, kó tó ṣe ilẹ̀kùn yìí.”

“Ṣé ẹ rí i?”

“Mo rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sun ún, mo tún bú u. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ó ṣì máa wà lábẹ́ awọ mi títí dòní.”

Ó wò mí pẹ́. Ó gbà mí gbọ́, bóyá nítorí pé mo sọ ohun tó ba orúkọ mi jẹ́ ni, n kò mọ̀. Ó sọ fún ọkọ mi pé, “Ẹ ò bá má ti sọ fún mi.” Oníbọ̀wọ́ tan ọkọ̀ náà. Kò dúró de tírélà, kò sì wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu géètì, ọwọ́ kékeré yẹn ṣì wà lára ilẹ̀kùn níta. Ó ní láti jẹ́ pé kò sọ nǹkan burúkú kankan nípa wa fún ẹnikẹ́ni, torí olówó mìíràn ti dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kò sí mọ́, nítorí náà ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ àwòṣe ọkọ̀ tuntun náà. Ó gbẹ́ ẹ dáadáa. Ọjọ́ tó parí ilẹ̀kùn òsì, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, mo sì fi ọwọ́ tọ́ igi náà bí mo ṣe máa ń rí i tó ń ṣe é. Lábẹ́ fèrèsé, ọwọ́ mi rì díẹ̀.

“Bàbá Ìbejì,” mo ní, “ibí yìí rì o.”

Ó nu ọwọ́, ó wá, ó di ojú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gba inú kòtò Bàbá kọjá, ó tún gba ibẹ̀ padà.

“Níbo?” ó ní. “Ó tẹ́jú dáadáa.”

Mo gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ fún un. Mo ní bóyá ọwọ́ tèmi ló ṣìnà.